Ẹkún Àwẹ̀ró àti Ọ̀nà Ọjà

Òwe kan wà tí gbogbo ẹnu ń pa, tí kò sì sí ẹni tó ń béèrè ibi tó ti wá: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. À ń fi í tu ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú. À ń fi í dá ẹni tó ní àfi bí òun ti wí lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Èwo nínú yín ni kò mọ̀ pé ọjà kì í ní ọ̀nà kan ṣoṣo? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn mọ̀ ọ́n. Ewúrẹ́ tó ń jí iṣu jẹ lórí àtẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, torí ibi tó gbà wọlé kọ́ ló ń gbà sá jáde. Àwọn baba wa kì í sì í fi ẹnu ṣòfò. Bí wọ́n bá sọ ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ di òwe, á jẹ́ pé ẹnì kan wà nígbà kan rí tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹni náà wà. Obìnrin ni, Ọyábùnmi lorúkọ rẹ̀, ará ìlú Ìdí-Emi ni, kò sì gọ̀ rárá. Bí mo ti gbọ́ ọ ni n ó ti sọ ọ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kó fara balẹ̀ títí yóò fi kàn án.

Òrí ni Ọyábùnmi ń tà lọ́jà, ṣùgbọ́n òrí kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n mọ̀ káàkiri. Ẹkún ìyàwó ni. Láyé ìgbà náà, ọmọbìnrin kì í kàn dédé gbé ẹrù kó forí lé ilé ọkọ. Lọ́jọ́ tí yóò bá lọ, yóò wọ aṣọ tó dára jù lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, yóò sì máa lọ láti agbo ilé kan sí òmíràn, yóò máa sun ẹkún ìyàwó. Ẹkún yìí kì í ṣe omi ojú lásán. Ewì ni, ó ní ohùn, ó ní bí wọ́n ti ń gbé e. Òun ni ọmọ yóò fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá, tí yóò fi tọrọ ìre lọ́wọ́ baba, tí yóò fi dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ ń pọnmi. Ọmọ tó bá sun ún tó dùn, ìyá rẹ̀ á máa yan kiri ìlú fún odindi ọdún kan. Ọmọ tí kò bá sun ún, ẹ̀yin náà kúkú mọ ẹnu ayé. Wọ́n á ní ó ti mọ ọkùnrin kọ́jọ́ tó pé, pé ìtìjú ni kò jẹ́ kó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ yẹn á sì dé ilé ọkọ ṣáájú ẹrù rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló mọ ọ̀rọ̀ í hun, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi ń mú ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ Ọyábùnmi. Yóò hun ẹkún fún ọmọ, yóò kọ́ ọ, yóò máa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ títí yóò fi já geere. Ọ̀dọ̀ Àgbékẹ́ ìyá rẹ̀ ló ti jogún iṣẹ́ náà. Kí ìyá náà tó kú, ó mú un dání lọ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ọyábùnmi, ojú ọ̀nà ọjà ni ọ̀rọ̀ ti ń wá bá mi. Máa la etí àti ojú rẹ.” Ọ̀nà Àràbà ni wọ́n gbà lọ́jọ́ náà, ọ̀nà tó gba orí òkè kọjá lábẹ́ igi àràbà ńlá kan tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà ń kọ́ ìtẹ́ sí.

Ọyábùnmi di ọ̀nà yìí mú bí ẹni di èèwọ̀ mú. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, yóò gbé igbá òrí karí, yóò forí lé Ọ̀nà Àràbà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ lọ́nà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn lẹ́nu rẹ̀, nígbà tó bá sì fi sọ igbá kalẹ̀ lọ́jà, ẹkún tuntun á ti délẹ̀. Ọ̀nà mìíràn wà o. Ọ̀nà Kòtò wà, èyí tó gba ìsàlẹ̀ kọjá lágbo àwọn amọ̀kòkò. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní kó jẹ́ kí wọ́n jọ gba ibẹ̀, á ní, “Ẹ máa lọ. Ti ìyá mi ni mo mọ̀.”

Ó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì dára. Ó fi àràbà sunkún, ó fi ẹ̀gà sunkún, ó fi àpáta tó wà lórí òkè náà sunkún, àwọn ènìyàn ń nu ojú. Ṣùgbọ́n kí ni igi kan ṣoṣo fẹ́ sọ fún ènìyàn títí ayé? Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ọyábùnmi á wá mú ẹkún èṣí, á yí ìparí rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò yí ìparí mọ́, orúkọ ìyàwó nìkan ló ń yí. Òun fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹni tó se ọbẹ̀ ni í kọ́kọ́ mọ̀ pé iyọ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ó rò pé bí òun bá fi ọ̀nà ìyá òun sílẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù náà á bá ọ̀nà náà lọ. Nítorí náà, ó ń di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ. “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí,” á ní, “wọn ò ní ohùn.”

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ lọ́dún kan lẹ́yìn ìkórè. Ìyàwó méjì ló ń relé ọkọ lọ́jọ́ kan náà, Àṣàbí àti Àyìnkẹ́, Ọyábùnmi ló sì kọ́ àwọn méjèèjì. Àṣà Ìdí-Emi ni pé kò sí ìyàwó tó gbọ́dọ̀ kúrò nílùú láì dé ọ̀dọ̀ Baba Òjẹ́lékè, àgbà tó dàgbà jù lọ nílùú, láti gba àdúrà. Àṣàbí dé ibẹ̀ láàárọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó sun tirẹ̀, baba nu ojú, ó ṣàdúrà, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e kiri. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Àyìnkẹ́ náà fi dé, ó kúnlẹ̀ síbi tí Àṣàbí kúnlẹ̀ sí, ó gbóhùn sókè:

“Ẹ̀gà fi ìtẹ́ sílẹ̀ lórí àràbà,
Àràbà ò pe ẹ̀gà padà.
Ìyá mi, ẹ má pè mí padà…”

“Ìtẹ́ ọkọ ló kàn!” làwọn ọmọdé bá a parí, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Àyìnkẹ́ gbé ẹsẹ kejì. Wọ́n tún bá a parí rẹ̀. Baba Òjẹ́lékè, tí etí rẹ̀ ti ń wúwo ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ ṣì mú bí abẹ, wá na ọrùn síwájú. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀gà yìí náà ló fò lọ láàárọ̀. Àbí ó gbàgbé nǹkan sílé ló ṣe tún padà wá?”

Agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Baba kò fi ìkà sọ ọ́, àwàdà àgbà ni, ṣùgbọ́n àwàdà náà dá ọgbẹ́. Àyìnkẹ́ fi ìborùn bo ojú, omi ojú gidi ló ń dà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sílé ọkọ, tí ó fi ìyókù ẹkún rẹ̀ sínú.

Ìyá Àyìnkẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti dúró lójúde Ọyábùnmi, ọwọ́ nídìí.

“Ọyábùnmi! Ṣé àjẹkù ọmọ ẹlòmíràn lo bù fún ọmọ mi?”

“Ìyá Àyìnkẹ́, àwọn ọmọdé yẹn ni kò ní ẹ̀kọ́…”

“Ọmọdé! Bí ọmọdé bá mọ ọ̀rọ̀ kan ju ìyàwó lọ, ṣé ẹ̀bi ọmọdé ni?”

 Ìyá Àyìnkẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ojú ti Ọyábùnmi. Kì í ṣe ìtìjú tí à ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ o, ó wọ̀ ọ́ lára.

Ìyàwó tó kàn nílùú ta ni? Àwẹ̀ró ni, ọmọ tí Ọyábùnmi fúnra rẹ̀ tọ́. Àbúrò Ọyábùnmi ló bí i. Ibi ìkúnlẹ̀ ni àbúrò náà kú sí, Ọyábùnmi sì gbé ọmọ náà nínú ẹ̀jẹ̀, ó fi omi ẹ̀kọ tọ́ ọ títí tó fi di ènìyàn. Oṣù tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń béèrè aṣọ tí Àwẹ̀ró yóò wọ̀. Ohun tí gbogbo ìlú ń béèrè ni ohun tí yóò sun. Àwọn kan ń béèrè nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, àwọn kan sì ti ń palẹ̀ ẹ̀rín mọ́ sílẹ̀.

Ọyábùnmi pè é jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Kò tíì dé ìlàjì ẹsẹ àkọ́kọ́ tí Àwẹ̀ró fi gbé ojú sókè.

“Ìyá, ẹ forí jì mí. Mi ò ní lè sun ìyẹn.”

“Kí ló ṣe é?”

“Ẹ̀gà yẹn ló fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Èmi, ìyá tó bí mi ló fi mí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi kọ́.”

“Ọ̀rọ̀ ìyàwó ni, gbogbo ìyàwó ló ni ín.”

“Ìyẹn ni wọ́n ṣe bá Àyìnkẹ́ parí rẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, Ìyá, n ó dákẹ́ lọ.”

Ọyábùnmi dìde dúró. “Ìwọ yóò dákẹ́ lọ? Ìwọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́? Ṣé o mọ ohun tí wọ́n máa pè ọ́?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n parọ́ mọ́ mi sàn fún mi ju kí wọ́n máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi.”

Ọmọ tí èèyàn kọ́ ní ọ̀rọ̀, òun náà ló máa ń fi ọ̀rọ̀ na èèyàn. Ọyábùnmi kò bá a jà. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni, ó sì mọ̀ pé bí ọmọ yìí bá dákẹ́ lọ, àbùkù náà kò ní í kúrò lára rẹ̀ títí tí yóò fi bímọ tí yóò fi wo ọmọ-ọmọ. Ó ní, “Fún mi láyè. N ó hun òmíràn.”

Ọjọ́ ọjà pé, ó gbé òrí rẹ̀, ó gba Ọ̀nà Àràbà. Ọ̀rọ̀ kò wá. Nígbà tí ọjọ́ ọjà kejì pé, ó jókòó sídìí àràbà fúnra rẹ̀, ó gbójú sókè wo àwọn ẹ̀gà títí ọrùn fi ń dùn ún. Ariwo ni wọ́n ń pa bí wọ́n ti ń pa á láti ọjọ́ pípẹ́. Ó sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ní kó ràn òun lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Nígbà tó padà délé, kò sí ohun tí Àwẹ̀ró fẹ́ bi í tí ojú rẹ̀ kò ti sọ.

“Ìyá,” ni Àwẹ̀ró wí jẹ́jẹ́, “bí wọ́n bá fi aṣọ di ojú yín lónìí, ẹ lè gba Ọ̀nà Àràbà dé ọjà láì fẹsẹ̀ kọ. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ rí níbi tí ẹ lè dijú gbà kọjá?”

“Ọ̀nà ìyá mi ni!”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Ibẹ̀ ló ti rí i. Ibẹ̀ ni èmi náà yóò ti rí i!”

 Àwẹ̀ró bu omi fún un kó fi bọ́ ojú.

Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún pé, ó ku ọjà kan péré kí ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ọyábùnmi dé oríta ẹ̀yìn ìlú, níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pínyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti yà sí òkè kó tó mọ̀. Ó bá dúró. Àwọn ọlọ́jà ń kọjá lára rẹ̀, wọ́n ń kí i, “Ìyá Ẹlẹ́kún, ṣé kò sí o?”  Ó rò ó pé bí òun bá gba ìsàlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kò sì wá, òun ti pàdánù ọ̀nà ìyá òun lásán. Ó tún rò ó pé bí òun bá gba òkè, òun ti mọ ohun tí òun yóò bá níbẹ̀. Ẹ̀rù tó dájú àti ẹ̀rù tí kò dájú, èwo ni ká gbé? Ó gbé èyí tí kò dájú. Ó yà sí Ọ̀nà Kòtò.

Ọ̀nà náà kò rọrùn. Ó gẹ̀rẹ́, ó ń yọ̀, ó sì di dandan kí Ọyábùnmi máa wo ibi tó ń gbé ẹsẹ̀ sí. Ó ti pẹ́ tó ti wo ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbóòórùn èéfín tí kò mọ̀. Ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n wọ inú kòtò dé itan, tí wọ́n ń bu amọ̀ sókè, tí wọ́n ń bú ara wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. Lẹ́bàá ọ̀nà, ìyá arúgbó kan jókòó láàárín àwọn ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú iná jáde, ó ń fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi etí lélẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà yìí dé ọjà?”

Arúgbó náà wò ó. “Bí kò bá dé ọjà, ta ni ì bá máa ra ìkòkò lọ́wọ́ wa? Ọ̀pọ̀lọ́?”

Ọyábùnmi rẹ́rìn-ín kó tó mọ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ wá ń gbọ́ nínú ìkòkò, Ìyá?”

“Ohùn rẹ̀ ni. Èyí tó bá jinná, bí o bá kàn án, á dáhùn. Gbọ́!” Ó kan ọ̀kan, ó dún gbaun. “Èyí tó bá sán nínú, bó ti wù kó dán tó, bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe ni yóò ṣe dáhùn.”

“Amọ̀ yẹn ńkọ́, tí wọ́n fi ewé bò?”

“Kó má baà gbẹ ni. Amọ̀ tó bá gbẹ kí a tó mọ ọ́n, ó bá iyẹ̀pẹ̀ lọ nìyẹn. Omi là á máa wọ́n sí i títí ọwọ́ yóò fi kàn án.” Arúgbó náà na ọrùn. “Ojú rẹ yìí. Ìwọ kì í ṣe ọmọ Àgbékẹ́ Ẹlẹ́kún?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ mọ ìyá mi?”

“Mọ̀ ọ́n kẹ̀! Ọ̀nà wa yìí ló ń gbà kí wọ́n tó bí ọ. Ibí kò tíì di ti ìkòkò nígbà náà, ìdí aró ni, ọmọdébìnrin tó ń bá wọn po èlú sì ni èmi. Ibi tó o dúró sí yẹn ni ìyá rẹ máa ń dúró sí. Aró àti èlú ló fi ń sunkún fún gbogbo ìyàwó ìlú yìí. Nígbà tó yá, ó ní aró ti kún òun létí, pé òun ń lọ gba orí òkè, kí òun lọ wo àràbà. Inú bí wa sí i díẹ̀ o! Àfi bí ẹni pé àwa ló kọ̀ sílẹ̀.”

Ọyábùnmi sọ igbá òrí rẹ̀ kalẹ̀ láì rí ẹni sọ̀ ọ́. Ó ní kí arúgbó náà tún un sọ. Ó tún un sọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sì tún bà jẹ́ nígbà kan náà. Gbogbo ọdún tó fi ń fi ẹsẹ̀ tẹ ipa ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí Àgbékẹ́ bá wà láyé pẹ́ sí i ni, ta ló mọ ibi tí ì bá tún yà sí?

Ó gbé igbá rẹ̀, ó ń lọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀rọ̀ fi dé. Kò rọra dé bíi ti àtijọ́. Wọ́n ń já lu ara wọn, wọ́n ń fò, òmíràn wá láìní ìdí, òmíràn wá láìní orí. Òrí rẹ̀ ń yọ́ nínú oòrùn, ó ń ṣàn gba iwájú orí rẹ̀ wá sí imú, kò mọ̀. Nígbà tó dé ọjà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá òun ló ń ta òrí ni àbí òrí ló ń tà á. Kò tà tó bó ti máa ń tà. Ó sáré padà sílé.

“Àwẹ̀ró! Wá jókòó. N ò ní kọ́ ọ ní nǹkan kan lónìí. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ sọ fún mi. Kí lo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ lọ́jọ́ yẹn?”

Kò sí ìyàwó kankan tí Ọyábùnmi ti bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwẹ̀ró wolẹ̀. Ó fi ohùn kékeré sọ̀rọ̀.

“Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ní ìyá.”

Àwọn méjèèjì sunkún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n nu ojú, wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún, ọ̀kan ń mú amọ̀ wá, èkejì ń mú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wá. Ibi tí kò bá dùn, Àwẹ̀ró á ní kò dùn, Ọyábùnmi á sì tú u. Ó yà á lẹ́nu pé títú kò dùn òun.

Ọjọ́ pé. Ojúde Baba Òjẹ́lékè kún dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé ti jókòó síwájú, ẹnu wọn ti ń yún wọn. Ìyá Àyìnkẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ká apá mọ́ àyà. Ọyábùnmi wà lẹ́yìn pátápátá, kò lè wo ẹnikẹ́ni lójú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

Baba Òjẹ́lékè ti la ẹnu sílẹ̀ láti gba ẹ̀gà lálejò. Àwẹ̀ró gbóhùn sókè:

“Amọ̀ ni mí lọ́jọ́ tí ìyá mi kú,
Wọ́n ní kí wọ́n dà mí padà sí kòtò.
Ìyá mi, ẹ bù mí, ẹ ò jẹ́ kí n gbẹ,
Omi ojú yín lẹ fi ń wọ́n mi.
Àtẹ́lẹwọ́ yín ló mọ mí di ìkòkò,
Ó wá ku iná ilé ọkọ tí n ó wọ̀.
Bí wọ́n bá fi ìka kàn mí lọ́hùn-ún,
Bí mo bá dún, tí gbogbo agbo ilé gbọ́,
Ìyá mi, ọwọ́ yín ló ń dún.”

Àwọn ọmọdé wo ara wọn. Kò sí èyí tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Baba Òjẹ́lékè pa ẹnu rẹ̀ dé, ó tún là á, ó tún pa á dé. Ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà.

“Níbo,” ni baba bi í, “níbo ni ìyá tó mọ ìkòkò yìí wà?”

Wọ́n ti Ọyábùnmi láti ẹ̀yìn dé iwájú. Àwẹ̀ró dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, kò sì sí ojú tó gbẹ nínú agbo náà. Ìyá Àyìnkẹ́ tú apá rẹ̀ sílẹ̀.

Bí ìtàn bá parí síbí, yóò dùn, ṣùgbọ́n òwe kò tíì jáde. Ẹ̀dá ènìyàn ni. Bí nǹkan bá dùn mọ́ wa, à á fẹ́ jẹ ẹ́ títí yóò fi sú wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí ìyá ìyàwó kan tó wá sọ́dọ̀ Ọyábùnmi tí kò béèrè amọ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni Ìyá Àyìnkẹ́, ó fa ọmọ rẹ̀ kejì lọ́wọ́, Àmọ̀pé, ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.

“Ọyábùnmi, mo ti dárí jì ọ́,” ló fi bẹ̀rẹ̀. “Ẹkún amọ̀ ni mo fẹ́ fún èyí. Gẹ́lẹ́ bí Àwẹ̀ró ti sun ún.”

“Ẹ ṣeun, Ìyá Àyìnkẹ́. Ṣùgbọ́n ti Àwẹ̀ró ni.”

“A mọ̀. Fún Àmọ̀pé náà.”

“Ṣé kí àwọn ọmọdé lè bá òun náà parí rẹ̀?”

Ìyá Àyìnkẹ́ gbé ohùn sókè. “Ó dára, tún òmíràn hun. Ṣùgbọ́n Ọ̀nà Kòtò ni kí o gbà o! Ọ̀nà yẹn lọ́rọ̀ wà, gbogbo ayé ló ti rí i. Má ṣe lọ gba ibòmíràn lọ fi ọmọ mi dánra wò!”

Ọyábùnmi wò ó. Ó rí ara rẹ̀ nínú obìnrin yìí, bó ti rí tẹ́lẹ̀, tó ń di ọ̀nà kan mú bí ẹni pé òun ni ọjà fúnra rẹ̀. Kò bínú sí i. Ó ní:

“Ìyá Àyìnkẹ́, ọ̀nà kan kò wọ ọjà.”

Ó yíjú sí ọmọ náà. “Àmọ̀pé, ọ̀nà kan wà tó gba ẹ̀yìn oko òwú. N kò tíì dé ibẹ̀ rí. Ṣé o lè rìn?”

Àmọ̀pé mi orí pé òun lè rìn. Ọyábùnmi gbé igbá òrí karí, àwọn méjèèjì bá ọ̀nà lọ.

Inú bí Ìyá Àyìnkẹ́ rékọjá. Láti ìdí omi dé ìdí ọlọ ló ti ń rojọ́. “Ẹ gbọ́ ohun tó fi dá mi lóhùn! Èmi ń sọ ti ọmọ mi, ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà! Ṣé èmi ni n kò mọ ọ̀nà ọjà?” Ibi tó bá dé ló ti ń wí i, bí òun tìkára rẹ̀ ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà kárí ìlú nìyẹn, kó tó di pé ọjọ́ Àmọ̀pé pé. Ọjọ́ náà, Àmọ̀pé tí kì í sọ̀rọ̀ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì gbé ohùn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó ní:

“Òwú là, ó funfun, èèpo rẹ̀ le.
Ìyá mi, ẹnu yín le, inú yín funfun.
Ẹ bá gbogbo ayé jà nítorí ẹ̀gbọ́n mi,
Bí mo bá lọ, ta ni yóò bá wọn jà nítorí yín?”

Ìyá Àyìnkẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tuntun tó wọ̀. Kò sí ẹni tó ti sọ irú rẹ̀ fún un rí láyé. Aládùúgbò rẹ̀ kan sún mọ́ ọn, ó ń bi í pé kí ló dé, ṣé kì í ṣe amọ̀ ló ní òun fẹ́ ni?

Ó fi ìdí aṣọ nu imú rẹ̀, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

“Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre,” ló wí. “Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.”